Kí Ni Àṣeyọrí Òṣèré Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́? Ìgbéléwọ̀n Àwọn Fíìmù Claude Rains

Ìfáárà

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: ọ̀nà wo ni ó tọ́ kí á gbà to iṣẹ́ òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹsẹẹsẹ, tí a ó fi lè sọ pé èyí ni ó ga jù, èyí ni ó tẹ̀ lé e? Bí ó bá jẹ́ pé òṣèré tí ó ń ṣe olú ẹ̀dá ìtàn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìṣòro náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú ilé sinimá. Òun ni àwọn ènìyàn sanwó láti wá wò. Bí eré bá tà, òun ni a ó yìn, bí kò bá tà, òun ni a ó bá wí. Ti òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣe iṣẹ́ ribiribi nínú eré tí kò pawó, ó sì lè yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú eré tí gbogbo ayé ń wọ́ tọ̀. Bí a bá wá fi owó tí eré pa díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ta ni a ń díwọ̀n gan-an?

Àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ ti mọ irú ìbéèrè yìí tẹ́lẹ̀. A kì í sọ pé ẹ̀dá ìtàn kan kò já mọ́ nǹkan nítorí pé ojú ewé tí ó ti fara hàn kò pọ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìtàn ni à ń wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré inú sinimá, a máa ń gbàgbé ọgbọ́n yìí, a ó sì gba òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ wọn. Claude Rains ni mo mú láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé bí a bá gbé àwọn fíìmù rẹ̀ lé orí òṣùwọ̀n owó, òṣùwọ̀n ẹ̀bùn àti òṣùwọ̀n ìrántí, ohùn àwọn òṣùwọ̀n náà kò ní ṣọ̀kan. Àìṣọ̀kan wọn yìí ni ẹ̀kọ́ wà.

Ta Ni Claude Rains?

Ìlú London ni a ti bí Claude Rains ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1889. Ilé tálákà ni ó ti wá. Ní èwe rẹ̀, akólòlò ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn mẹ̀kúnnù London. Láti kékeré ni ó ti ń jíṣẹ́ nínú ilé tíátà, Herbert Beerbohm Tree, tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré àti alákòóso tíátà, ni ó sì sanwó kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun London Scottish. Gáàsì olóró bà á ní Vimy, ó sì ba ojú rẹ̀ kan jẹ́ títí tí ojú náà kò fi ríran tó bí ó ti yẹ mọ́. Lẹ́yìn ogun, ó di olùkọ́ ní Royal Academy of Dramatic Art ní London. John Gielgud àti Charles Laughton wà lára àwọn tí ó kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí orí ìtàgé Amẹ́ríkà. Ó ti pé ọmọ ọdún 44 nígbà tí fíìmù olóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́, The Invisible Man, jáde ní ọdún 1933. Fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn jáde ní ọdún 1965, ó sì kú ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967.

Mo sọ ìtàn yìí ní ṣókí nítorí pé ó tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀. Rains kò ga. Ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ díẹ̀ kí ó tó dé Hollywood, níbi tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin gíga ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe olólùfẹ́. Ohun tí ó mú dání ni ohùn. Ohùn náà kì í ṣe àbínibí; iṣẹ́ ni ó fi ṣe é, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ irin. Ẹni tí ó ti kólòlò rí mọ iye tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń náni.

Òṣùwọ̀n Owó

Bí a bá fi owó ìwọlé nìkan to àwọn fíìmù rẹ̀, Lawrence of Arabia ti ọdún 1962, tí David Lean darí, ni yóò wà ní òkè pátápátá. Àwọn bí Notorious, Casablanca, The Adventures of Robin Hood àti Mr. Smith Goes to Washington yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á sọ ni pé owó ọdún 1938 kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ọdún 1962, nítorí náà iye owó nìkan kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó wúwo jù. Nínú Lawrence of Arabia, Rains ni Ọ̀gbẹ́ni Dryden, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Lárúbáwá. Ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ìran tí ó ti fara hàn kò pọ̀ rárá. Ta ni yóò sọ pé torí Dryden ni ayé fi wọ́ lọ wo fíìmù náà?

Ní ìdà kejì, ẹ jẹ́ kí á wo Caesar and Cleopatra, tí Gabriel Pascal ṣe láti inú eré Bernard Shaw, tí ó sì jáde ní ọdún 1945. Rains ni Késárì fúnra rẹ̀. Owó tí wọ́n ná sí i ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ, kò tíì sí fíìmù Gẹ̀ẹ́sì tí ó ná wọn tó bẹ́ẹ̀ rí, owó náà kò sì padà wọlé bí wọ́n ti rò. Bákan náà ni The Greatest Story Ever Told ti ọdún 1965, tí ó gbà tó 20 mílíọ̀nù dọ́là, tí ó sì jẹ gbèsè. Rains ni Ọba Hẹ́rọ́dù níbẹ̀. Hẹ́rọ́dù sì ti kú kí fíìmù gígùn náà tó lọ jìnnà. Bí òṣùwọ̀n owó bá jẹ́ òótọ́, Dryden ni iṣẹ́ Rains tí ó dára jù, Hẹ́rọ́dù sì wà lára èyí tí ó burú jù. Kò sí ẹni tí ó wo àwọn fíìmù náà tí yóò gba èyí gbọ́.

Òṣùwọ̀n Ẹ̀bùn

Àwọn kan yóò ní owó kò mọ ọgbọ́n, kí á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ iṣẹ́, èyíinì ni àwọn tí ó ń fi ẹ̀bùn Oscar dá ara wọn lọ́lá. Láti orí àwọn fíìmù ọdún 1936 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ère ni wọ́n ń fún àwọn olórí òṣèré, pátákó pẹlẹbẹ ni wọ́n sì ń fún àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ọdún 1944 kí ère tiwọn tó bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ẹ̀bùn náà pàápàá ń sọ ipò tí wọ́n tò wọ́n sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yan Rains mọ́ àwọn tí yóò du ẹ̀bùn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì gbà á lẹ́ẹ̀kan. Fún Mr. Smith Goes to Washington ti ọdún 1939, Thomas Mitchell ni ó gbà á. Fún Casablanca, Charles Coburn ni. Fún Mr. Skeffington ti ọdún 1944, Barry Fitzgerald ni. Fún Notorious ti ọdún 1946, Harold Russell ni, ọmọ ogun tí ó ti pàdánù ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní ti Mr. Skeffington, ohun ìyanu ni pé orúkọ ẹni tí Rains ṣe ni wọ́n fi sọ fíìmù náà, síbẹ̀ wọ́n kà á sí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé Bette Davis ni ayé ń wò. Orí ìtàgé ni wọ́n ti dá a lọ́lá: ní ọdún 1951, ó gba ẹ̀bùn Tony fún ipò olórí tí ó kó nínú Darkness at Noon.

Bí a bá sì ka iye ẹ̀bùn Oscar tí fíìmù kọ̀ọ̀kan gbà lápapọ̀, báyìí ni yóò rí: Lawrence of Arabia, 7, Casablanca, 3, The Adventures of Robin Hood, 3, Here Comes Mr. Jordan, 2, Phantom of the Opera, 2, Mr. Smith, 1, Now, Voyager, 1. Òfo ni Notorious, òfo ni The Invisible Man. Díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí jẹ́ ti orin, òmíràn ti àwòrán, òmíràn ti ẹni tí ó kọ ìtàn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni fíìmù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n nítorí èyí gan-an ni a kò fi lè gba ẹ̀bùn olórin kí á fi díwọ̀n òṣèré.

Òṣùwọ̀n Ìrántí

Òṣùwọ̀n kẹta sàn ju méjì ìṣáájú lọ. Òun ni kí á bi ara wa pé, lẹ́yìn tí ariwo ọjà ti rọlẹ̀, fíìmù wo ni àwọn ènìyàn ṣì ń wò? Láti ọdún 1989 ni Library of Congress ní Washington ti ń yan fíìmù 25 lọ́dọọdún tí ó yẹ kí orílẹ̀-èdè náà tọ́jú fún ìran tí ń bọ̀. Casablanca àti Mr. Smith wà nínú àwọn 25 àkọ́kọ́. Wọ́n yan Lawrence of Arabia ní ọdún 1991, The Adventures of Robin Hood ní ọdún 1995, Notorious ní ọdún 2006, Now, Voyager ní ọdún 2007, The Invisible Man ní ọdún 2008. Òṣèré tí kò gba Oscar rí ni ẹni tí ó wà nínú gbogbo fíìmù méje wọ̀nyí.

Ìrántí tún máa ń yí ìdájọ́ padà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi Mr. Smith han àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ní oṣù Kẹwàá ọdún 1939, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Sẹ́nétọ̀ Alben Barkley bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Joseph Kennedy, tí ó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní London, kò fẹ́ kí wọ́n fi í hàn ní Yúróòpù rárá. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, fíìmù tí wọ́n ní ó ba orúkọ ìjọba jẹ́ ni ìjọba náà ń tọ́jú bí ohun ìṣúra. Casablanca ní tirẹ̀ rí ojú rere láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó bọ́ sí àkókò: ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Àríwá Áfíríkà, oṣù náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní New York, ní oṣù Kìíní ọdún 1943 tí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, Roosevelt àti Churchill ń ṣèpàdé nínú ìlú Casablanca gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn ogun ni ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kún ilé sinimá Brattle ní Cambridge, Massachusetts, láti wò ó láti ọdún 1957.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n ìrántí pàápàá kò pé. Fíìmù ni ó ń díwọ̀n. Kò sọ ohun tí ó jẹ́ ti Rains nínú rẹ̀ fún wa.

Òṣùwọ̀n Kẹrin: Bí A Bá Fi Ẹlòmíràn Rọ́pò

Òṣùwọ̀n tí mo dá lábàá nìyí. Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn yọ Rains kúrò nínú fíìmù, kí á sì fi òṣèré mìíràn sí ipò rẹ̀, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa, tí yóò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ, tí kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Kí ni yóò sọnù? Bí kò bá sí ohun tí yóò sọnù, iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò ga. Bí ìtumọ̀ fíìmù náà bá yí padà, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹnì kan lè ní àfinúrò lásán ni èyí. Mo gbà pé a kò lè kà á bí owó, ṣùgbọ́n ìran tí gbogbo wa lè wò ni ẹ̀rí rẹ̀, ọ̀nà yìí náà sì ni onílámèyítọ́ ń gbà nígbàkigbà tí ó bá bèèrè ìdí tí ẹ̀dá ìtàn kan fi wà nínú ìtàn. The Invisible Man àti Caesar and Cleopatra kò sí nínú ìdíwọ̀n yìí, nítorí pé olú ẹ̀dá ìtàn ni Rains nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mẹ́nu ba èyí ìṣáájú. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Fíìmù yìí gba ojú lọ́wọ́ òṣèré. Báńdéèjì bò ó, tàbí kí á má rí i rárá, títí di ìgbà tí ó kú sórí ibùsùn ní ìparí tí a sì rí ojú rẹ̀ fìrí. Ohùn nìkan ni ó fi di gbajúmọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ níbẹ̀ ni ó lò nínú gbogbo àwọn yòókù.

Mo fi Notorious, tí Alfred Hitchcock darí, sí ipò kìíní. Ní ìlú Rio de Janeiro, àwọn Nazi kan tí ó sá wá láti Jámánì ń kó uranium pamọ́ sínú ìgò wáìnì. Devlin, aṣọ́lé ìjọba Amẹ́ríkà tí Cary Grant ṣe, rán Alicia, tí Ingrid Bergman ṣe, lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, Alexander Sebastian. Rains ni Sebastian. Devlin fẹ́ràn Alicia, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ó fẹ́ ọ̀tá nítorí iṣẹ́. Sebastian ní tirẹ̀ fẹ́ ẹ nítorí ìfẹ́ nìkan. Èyí ni ó sọ fíìmù náà di ohun tí ó jìn: nínú ilé yẹn, ìfẹ́ ọ̀tá ni kò ní ẹ̀tàn nínú. Òṣèré tí ó bá ṣe Sebastian bí ìkà paraku yóò sọ ìtàn náà di ti ọdẹ àti ẹran. Rains fi ojú ọkọ tí ń bẹ̀rù pé òun kò tó ìyàwó òun ṣe é, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń jọba lé lórí. Nígbà tí ó mọ̀ pé amí ni ìyàwó òun, òun àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin náà ní májèlé nínú kọfí. A kórìíra ìwà yẹn, a sì tún rí ìtìjú tí ó bí i. Ní ìparí, Devlin gbé Alicia sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Sebastian kò sì lè pariwo, nítorí pé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ pé amí ni ó fẹ́, wọn yóò pa á. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ ọn. Ó yípadà, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn tí ń dúró dè é, ilẹ̀kùn sì tì. Ọdún kan péré lẹ́yìn ogun ni èyí, òǹwòran sì ṣàánú Nazi kan láìdá a láre. Àánú kì í ṣe ìdáríjì. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni láti fi ìyàtọ̀ náà hàn wá. Bí a bá fi ẹlòmíràn rọ́pò, ìyàtọ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ sọnù.

Casablanca ni èkejì. Renault, ọ̀gá ọlọ́pàá, ń sin ìjọba Vichy ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe olóòótọ́ fún. Ó ti ilé ọtí Rick pa ní orúkọ pé wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ kan gbé owó tẹ́tẹ́ tí ó jẹ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa wá. Ẹ̀rín náà sì ni ọgbọ́n fíìmù, nítorí pé Renault kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń hùwà àìtọ́ ṣì lè yípadà. Nígbà tí Rick pa ọ̀gá àwọn Jámánì ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀rọ̀ ẹnu Renault nìkan ni ó kù kí a fi pa Rick tàbí kí a dá a sí. Rains dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí ó ti ń ṣe bọ̀ di ìwà ọmọlúàbí. Àwọn olólùfẹ́ ti pínyà. Òun àti Rick ni ó jọ rìn wọ inú kùrukùru ní ìparí. Fíìmù tí a kà sí ìtàn ìfẹ́ parí sí ọwọ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mr. Smith, tí Frank Capra darí, ni ẹ̀kẹta. Sẹ́nétọ̀ Paine, ọ̀rẹ́ bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin Smith, ti ta ara rẹ̀ fún olówó kan tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ ìsédò jí owó ìlú. Yorùbá ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Paine mọ̀ ọ́n lẹ́bi, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí Smith ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ tí wọ́n pa nítorí òtítọ́, ẹ wo ojú Rains: ẹni tí ń gbọ́ orúkọ ohun tí òun ìbá jẹ́ ni. Òǹkọ̀wé parí ìtàn náà lójijì: Paine fẹ́ pa ara rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ níwájú ilé ìgbìmọ̀. Lórí ìwé, ó ṣòro láti gbà gbọ́. A gbà á gbọ́ nítorí pé Rains ti ń san gbèsè ìjẹ́wọ́ náà díẹ̀díẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin wá.

Mr. Skeffington ni mo fi sí ipò kẹrin. Rains ṣe Júù olówó tí ìyàwó rẹ̀ kò ka ìfẹ́ rẹ̀ sí, tí ó sì ti àgọ́ àwọn Nazi padà ní afọ́jú. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ń wo ibòmíràn. Now, Voyager àti Robin Hood tẹ̀ lé e. Lawrence of Arabia, tí owó àti ẹ̀bùn gbé sókè téńté, ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí mo mẹ́nu bà yìí.

Ìkádìí

Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ni pé owó, ẹ̀bùn àti ìrántí ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ nípa fíìmù ni wọ́n ń sọ. Bí a bá fi wọ́n to iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó gbé e gẹṣin lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, a ó sì gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Notorious, tí kò gba ẹ̀bùn Oscar kankan, ni ó bọ́ sí ipò kìíní nígbà tí a bi í léèrè ohun tí Rains fúnra rẹ̀ mú wá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Hollywood nìkan. Níbikíbi tí a bá ti ń kọ ìtàn eré oníṣe, orúkọ olórí ẹgbẹ́ àti iye èrò tí ó wá wòran ni ó rọrùn jù láti kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé eré ró láti ẹ̀gbẹ́ kì í ní àkọsílẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá jókòó wo ìran rẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó sì sọ, pẹ̀lú ẹ̀rí, ohun tí yóò sọnù bí kò bá sí níbẹ̀. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Àwa onílámèyítọ́ ni iṣẹ́ náà sì já lé léjìká.